Hulda Tackett Fẹ́ Ọta Oríṣi Kan Ṣoṣo

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Hulda Tackett, kó lọ da ọta inú agolo rẹ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Ẹ lè gbé bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ ilé rẹ̀, ẹ lè sọ pé kọfí rẹ̀ rí bí omi ìfọṣọ, yóò kàn wò yín láti òkè délẹ̀ ni, yóò sì yí ojú padà. Ṣùgbọ́n agolo ọta! Háà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Obìnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ le ju ti ọ̀pọ̀ darandaran lọ, ẹnu rẹ̀ sì le ju apá rẹ̀ lọ. Òun àti Orrin ọkọ rẹ̀ ló ń gbé ahéré ààlà ní apá àríwá ọgbà màlúù Hatcher, nílẹ̀ Wyoming, níbi tí koríko ti tẹ́ lọ rẹrẹ títí dé ẹsẹ̀ òkè, tí atẹ́gùn kì í sì í mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Iṣẹ́ Orrin ni pé kó máa gun ẹṣin lọ gun ẹṣin bọ̀ lójú ààlà, kó dá màlúù tó bá fẹ́ ṣáko padà, kó tún wáyà tó bá já so, kó sì lé ìkookò. Ahéré bá iṣẹ́ rìn ni. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ náà ni ilé bọ́.

Iṣẹ́ Hulda ni ọta. Ìlú jìnnà sí wọn ní ìrìn odidi ọjọ́ kan, ọta tuntun ò sì wá lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, gbogbo kòròfo ọta tí Orrin bá yìn, yóò ṣà á wálé. Hulda yóò yọ́ òjé lórí ààrò, yóò dà á sínú irin ìdà tó ń sọ ọ́ di orí ọta, yóò gbọn òjé náà sílẹ̀ lórí aṣọ tútù, yóò fi ṣíbí kékeré wọn ẹ̀tù sínú kòròfo, yóò ki òjé lé e lẹ́nu, yóò wá fi ẹ̀mú fún un pa. Ọta dé nìyẹn. Bí àwọn obìnrin mìíràn ṣe ń fi ọ̀sán ọjọ́ Sátidé dín nǹkan jíjẹ, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ ń da òjé, tí yóò máa bá ara rẹ̀ kọrin ìsìn pẹ̀lú ohùn tí kò dùn rárá.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìbọn méjì ni Orrin ní, oúnjẹ wọn ò sì dọ́gba. Ìbọn gígùn rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fa irin abẹ́ rẹ̀ wá sílẹ̀ tí wọ́n tún ń tì í padà sókè kí ọta mìíràn tó wọlé, ọta oníwọ̀n mẹ́rìnlélógójì ló ń jẹ. Ìbọn ìléwọ́ tó máa ń so mọ́ ìbàdí, márùndínláàádọ́ta ló ń jẹ. Ẹni tí kò mọ̀ á ní, kí ni ìyàtọ̀ mẹ́rìnlélógójì sí márùndínláàádọ́ta? Ẹ bi ìbọn léèrè. Irin ìdà méjì, ẹ̀mú méjì, agolo méjì. Agolo pupa ni ti ìbọn gígùn, agolo dúdú ni ti ìléwọ́. Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ra, ọta kan ò ṣìnà rí.

Àfi ìgbà tí ojú Orrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Hulda mọ̀. Ọ̀gànjọ́ òkùnkùn kọ́ ló fi mọ̀ ọ́n, ọ̀sán gangan ni. Ó rí i pé ọkọ òun ti ń fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹṣin láti mú. Ó rí i pé tí wọ́n bá jókòó síwájú ilé, tí nǹkan kan bá yọ lókèèrè, Orrin á kọ́kọ́ dákẹ́ kó lè gbọ́ ohun tí òun fẹ́ pè é. Ohun tó wà nítòsí, ó ń rí i dáadáa. Ó lè ríran wo ojú Hulda, ó lè rí ejò lẹ́sẹ̀ ẹṣin. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti kọjá ìwọ̀n ìsọ̀kò kan ti di èéfín. Orí ìka rẹ̀ náà kò sì gbọ́ nǹkan mọ́ láti ọdún tí yìnyín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ wọ́n tán. Ọkùnrin tí ìka rẹ̀ ò gbọ́, tí ojú rẹ̀ ò mọ́, ẹ gbé ọta méjì tó jọra lé e lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ẹ wá wò ó.

Kí ni Hulda ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé e lọ síbi iṣẹ́. "Orí ń fọ́ mi nínú ahéré yìí," ni yóò wí, "mo fẹ́ lọ gba atẹ́gùn." Ní ilẹ̀ tí atẹ́gùn ti ń ṣí òrùlé! Yóò gun ẹṣin rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò sì ní dákẹ́. "Wo màlúù mẹ́ta tó wà lẹ́bàá odò yẹn, Orrin, àmì iná Hatcher ló wà lára wọn, ọ̀kan ò ní pẹ́ bí."

"Mo rí i," ni Orrin yóò wí.

Irọ́ ni. Kò rí nǹkan kan. Hulda mọ̀ pé kò rí i, yóò sì máa sọ̀rọ̀ lọ bí ẹyẹ, nítorí ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí tí Virgil Stroud bá gbọ́. Virgil ni ọ̀gá àwọn darandaran Hatcher. Ènìyàn dáadáa ni, Orrin ló tilẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn mọ́ màlúù lọ́rùn, ṣùgbọ́n ta ló ń gba afọ́jú síṣẹ́ ààlà? Wọn á kó ẹrù wọn jáde nínú ahéré, wọn á lọ máa gbé yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ní Nebraska, ibi tí Orrin á ti máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí àpò àgbàdo. Ìyẹn á pa á. Hulda ò tan ara rẹ̀ jẹ lórí ìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, ìkookò bọ́ sáàárín àwọn ọmọ màlúù lẹ́yìn ahéré gan-an. Orrin já ìbọn gígùn jáde, ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta sí ibi tí ariwo ti ń wá. Ìbọn gbẹ. Ó ki ọwọ́ sápò, ó ti ọta mìíràn wọlé, ó fa irin abẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ tì í padà, irin kọ̀. Ó tún fi agbára sí i. Nǹkan kan dá nínú ìbọn náà, kọ̀! Ìkookò gbé ọmọ màlúù, ó ń fà á lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ra ọjà rẹ̀ tán.

"Hulda!" Orrin wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Irú ọta wo lo wá ṣe yìí? Ó tóbi jù! Ìbọn ti bàjẹ́!"

Hulda gba ìbọn. Ó fi ọ̀bẹ yọ ọta tó há síbẹ̀, ó sì gbé e sókè sójú fèrèsé. Márùndínláàádọ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e sínú agolo pupa rí láyé rẹ̀, ọwọ́ Orrin ló kó o mọ́ ti pupa sápò.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo ṣì í jù. Má bínú."

Orrin wò ó. Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, obìnrin yìí ò gba ẹ̀bi ohun tó ṣe rí, ká má tíì sọ èyí tí kò ṣe.

"Hmm," ni Orrin wí, ó sì lọ bọ́ ẹṣin.

Hulda jókòó ti ààrò. Ẹ̀rù bà á. Lónìí, ọmọ màlúù ni. Lọ́la ńkọ́? Tí béárì bá ko ọkọ òun lójú, tí ìbọn tún há? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ibẹ̀ ló ti pinnu: ọta oríṣi kan ṣoṣo ni yóò máa wọ ilé yìí. Agolo kan. Kó jẹ́ pé èyíkéyìí tí ọwọ́ Orrin bá bà nínú òkùnkùn, èyíkéyìí ìbọn tó bá dì mú, yóò wọlé, yóò sì dún.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n di ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n forí lé ìlú.

Ilé ìtajà Pomeroy ni wọ́n lọ. Pomeroy jẹ́ ọkùnrin tín-ínrín tó nífẹ̀ẹ́ ìbọn ju oúnjẹ lọ. Tí ẹ bá bi í léèrè ìyẹ̀fun, yóò tọ́ka síbẹ̀ pẹ̀lú àgbọ̀n, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í léèrè ìbọn, yóò fi aṣọ nu tábìlì kó tó gbé e kalẹ̀.

"Ìyáàfin Tackett! Ẹ káàbọ̀ o. Àgbà Orrin, ẹ ṣì wà láyé?"

"Mo ń dúró kí n sin ọ́ ná," ni Orrin wí.

"Ìbọn gígùn la fẹ́," Hulda já lu ọ̀rọ̀ wọn. "Èyí tó máa bá ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ jẹ ọta kan náà. Ìléwọ́ rẹ̀ ń jẹ márùndínláàádọ́ta."

Pomeroy gbé aṣọ sílẹ̀. "Ẹ ò lè rí i."

"Èwo ni mi ò lè rí i? Ṣebí ìbọn lẹ kún ilé báyìí?"

"Ìyáàfin, tí ẹ bá rìn dé Boston, ẹ ò ní bá ìbọn gígùn kankan tó ń jẹ márùndínláàádọ́ta ti ìléwọ́. Wọn ò ṣe é. Ẹ wo ìdí ọta náà." Ó gbé ọ̀kan kalẹ̀. "Ẹ rí etí ìdí rẹ̀ bó ṣe kéré? Ìbọn ìléwọ́ ń fi ọ̀pá ti kòròfo jáde láti iwájú, kò sí wàhálà. Ìbọn gígùn ní láti fi èékánná gbá a létí mú kó tó fà á jáde. Kò sí ibi tó máa gbá mú. Tí ẹ bá fẹ́ ọta kan fún ìbọn méjì, ìléwọ́ lẹ máa pààrọ̀."

Orrin ti gbé ọwọ́ lé ìbàdí rẹ̀.

Ìbọn Dell ni. Dell ni ẹ̀gbọ́n Orrin, àwọn méjèèjì ló jọ da màlúù wá láti Texas nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Odò kan gbé Dell lọ lójú ọ̀nà. Wọ́n rí i ní ìsàlẹ̀ odò ní ọjọ́ kejì, ìbọn náà ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀. Orrin fi ọjọ́ mẹ́rin tú u, ó nù ún, ó tún un tò. Láti ìgbà yẹn, kò kúrò lára rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ sùn.

"Ìbọn Dell ò kúrò níbí," ló wí jẹ́jẹ́.

"Orrin…"

"Hulda, mo ní kò kúrò. Ìbọn gígùn la wá rà. Ra ìbọn gígùn. Màá máa kó ọta méjì bí mo ṣe ń kó o tẹ́lẹ̀. Kí ló burú ńbẹ̀?"

Kí ló burú ńbẹ̀! Báwo ni yóò ṣe sọ ohun tó burú níbẹ̀ lójú Pomeroy? Àti pé ìlẹ̀kùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni, Virgil Stroud fúnra rẹ̀ ló sì wọlé, ìṣó wáyà ló wá rà, irùngbọ̀n rẹ̀ kún fún eruku.

"Ta ló ń jà?" Virgil bọ́ fìlà. "Ìyáàfin Hulda, ẹ ti tún ń na bàbá wa?"

"Kò tíì tó nínà," Hulda wí. "Irin ìdà méjì ló sú mi. Ẹ̀mú méjì, agolo méjì! Ọwọ́ mi ò tó mọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n máa ṣe ọta oríṣi kan, ó ń wo ojú mi bí ẹni pé mo ní kó ta ẹṣin rẹ̀."

"Òótọ́ ni o," Virgil wí. "Àwọn ọmọkùnrin mi, ó ju ìdajì wọn lọ tó ti lọ sórí mẹ́rìnlélógójì fún ìbọn méjèèjì. Ìgbànú ọta kan, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀gbẹ́ni Pomeroy, ẹ kó èyí tí ẹ ní jáde ká wò ó."

Pomeroy ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn. Mẹ́ta ló kó jáde. Èkíní gùn, ó ti gbó, irin rẹ̀ ń yọ̀ bí ọ̀rá, kò sí ohun tó ń há nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo débi pé ẹṣin gan-an á ṣàròyé. Èkejì ń jẹ méjìdínlógójì, kì í ta èjìká. Ẹ̀kẹta jẹ́ tuntun, ó kúrú, ó fúyẹ́, mẹ́rìnlélógójì ló ń jẹ.

Hulda ò wo ẹwà kankan. Ó ní kí Orrin mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wá, ìbọ̀wọ́ awọ ńlá tó ti le gbagidi, ó wọ̀ ọ́, ó di ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọta wọ inú èyí tó kúrú láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó fa irin abẹ́ rẹ̀, ó tì í, ọta ń bọ́ jáde lórí tábìlì. Èyí tó ń jẹ méjìdínlógójì, ọta rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbé èyí tó gbó sọ́wọ́, ó mí kanlẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

"Èyí tó kúrú yìí," ló wí.

Virgil ń wò ó. "Kí ló dé tí ẹ fi dijú?"

"Iná ilé ìtajà yìí ò dára ni," ni Hulda wí kíá.

Òòrùn kún ilé náà fọ́fọ́. Virgil gbé ìbọn kúkúrú náà, ó ki ọta padà sínú rẹ̀, ó nà án sí Orrin. "Ó yá, àgbà. Ọkọ ló ni ìbọn, kì í ṣe ìyàwó. Ẹ jẹ́ ká lọ yìn ín wò lẹ́yìnkùlé. Tí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀, ìyókù á yanjú ara rẹ̀."

Hulda ní, "Ẹ fi sílẹ̀, a máa yìn ín nílé," ṣùgbọ́n ta ló gbọ́? Ọkùnrin mẹ́ta ti jáde tán.

Lẹ́yìnkùlé Pomeroy, ọgbà kan tí wọ́n fi òpó igi ṣe wà níbẹ̀, pápá gbalasa ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Virgil gbé agolo tòmátò kan kalẹ̀ sórí òpó, ó rìn padà. Sí apá òsì, ní ìwọ̀n òpó mẹ́rin síbẹ̀, ẹnì kan fi aṣọ ìnura funfun kọ́ sórí ọgbà, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Orrin gbé ìbọn sí èjìká. Ó dúró dáadáa bí ó ṣe máa ń dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹjú, àgbọ̀n rẹ̀ wà lórí igi ìbọn. Arẹwà ọkùnrin ni, ó ṣì rẹwà, Hulda ò sì lè ṣe kó má rò ó bẹ́ẹ̀ àní nísinsìnyí.

Ẹnu ìbọn kọjá lórí agolo. Ó ń lọ sí apá òsì. Ó dúró sórí aṣọ funfun.

Ó dára bẹ́ẹ̀, Hulda wí nínú ara rẹ̀. Kó lu aṣọ, yóò ní eré lòun ń ṣe, a ó rẹ́rìn-ín, a ó lọ sílé. Ó pa ẹnu mọ́. Ẹ̀rín náà ló ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀.

Ni ìyàwó Pomeroy bá jáde láti ẹ̀gbẹ́ ilé àdìyẹ, agbọ̀n ẹyin lọ́wọ́, ìborí funfun lórí, ó ń lọ ká aṣọ ìnura rẹ̀.

"Orrin! Gbé e sílẹ̀! Ènìyàn ni! Ènìyàn wà níbẹ̀!"

Ohùn Hulda ya. Orrin gbé ẹnu ìbọn sọ́run lójú ẹsẹ̀, ó sì yọ ìka rẹ̀ kúrò. Ìyàwó Pomeroy dúró gbagidi, ẹyin méjì bọ́ fọ́.

Virgil wo agolo. Ó wo aṣọ ìnura. Ó wo Orrin. "Ẹ ò dojú kọ agolo," ló wí.

Hulda ti la ẹnu. Irọ́ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún un, ó sì ń yan èyí tó dára jù: òòrùn pa á lójú, ìbọn ni ò tọ́, eré ló ń ṣe. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, mo mọ̀ ọ́n, ì bá ti sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

"Mi ò rí agolo kankan," Orrin wí. "Virgil, mi ò rí i. Láti nǹkan bí ọdún méjì. Ohun tó bá ti kọjá orí ẹṣin mi, èéfín ni."

Ẹnu ya Hulda.

"Ọdún méjì!" Virgil wí. "Ta ló wá ń ka màlúù fún mi? Ta ló rí màlúù àwọn ará ìsàlẹ̀ tó wọ ilẹ̀ wa lóṣù kọkànlá? Wáyà tó já ńkọ́, tí ẹ tún un so kí n tó mọ̀?"

Orrin fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìyàwó rẹ̀. "Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ṣé o ò tíì gbọ́ ọ rí? Gbogbo ohun tó bá rí ló ń kà sí mi létí látàárọ̀ ṣúlẹ̀."

Omijé ti bọ́ sójú Hulda, inú sì ń bí i pé ó bọ́. Ó rìn lọ bá ọkọ rẹ̀, ó gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyáàfin Pomeroy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀!" Ó gbé e sójú, ó yìn ín. Igi òpó fò yángá. Kò bá agolo. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ló wí láàárín eyín, ó fa irin, ó tún yìn ín. Agolo tòmátò fò lọ sínú pápá.

Virgil họ irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìyáàfin Hulda, ẹ gbọ́ mi. Mi ò lè fi afọ́jú sí ààlà, àwọn tó ni màlúù á lé èmi gan-an. Mi ò sì lè kọ orúkọ obìnrin sínú ìwé àwọn darandaran. Wọn ò ṣe é rí."

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ báyìí?" Orrin bi í.

"Wọ́n kọ 'Tackett, ààlà àríwá.'"

"Ta lo rò pé ó ń jẹ́ Tackett? Àwa méjì ni. Má fọwọ́ kàn án. Ohun tó bá sún mọ́ wa, tèmi ni: ejò, ẹṣin tó kán lẹ́sẹ̀, ìkookò tó bá fẹ́ fò mọ́ wa. Èyí tó bá jìnnà, tirẹ̀ ni. Tí ó bá di ọjọ́ tí ààlà yẹn ò pé mọ́, kó o lé wa."

Virgil wò ó, ó wo Hulda, ó wo agolo tó ti dàwátì. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n ti borí. "Ẹ̀yin ẹ kọ́ mi ní okùn síso, àgbà. Mi ò bá ohun tí mi ò mọ̀ jà. Ohun tó wà nínú ìwé, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ rán ìbọ̀wọ́ tó bá ọwọ́ ìyáàfin yìí mu, èyí tó wọ̀ nílé ìtajà yẹn, ó dà bí ẹni ki ọwọ́ bọ bàtà."

Wọ́n padà sínú ilé ìtajà. Hulda ò sọ nǹkan kan nípa ìléwọ́ mọ́. Ó ti gbà pé òun á máa ṣe ọta méjì títí òun á fi kú, tí ìyẹn bá jẹ́ owó ohun tí Orrin ṣe lẹ́yìnkùlé. Orrin ló dúró níwájú tábìlì. Ó tú ìgbànú, ó gbé ìbọn Dell kalẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé e fún ìgbà díẹ̀.

"Fún mi ní ìléwọ́ tó ń jẹ mẹ́rìnlélógójì dípò rẹ̀," ló sọ fún Pomeroy. "Tí ọta bá tán lọ́wọ́ mi, ọ̀dọ̀ ìyàwó mi ni màá ti gbà á. Tí ó bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, kó gbà á lọ́wọ́ mi. Dell á gbọ́, Dell kì í ṣe aṣiwèrè."

Hulda di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo ènìyàn, ohun tí kò ṣe rí nínú ìlú.

Ìdajì ọ̀nà ni wọ́n dé kí Hulda tó lè bi í léèrè. Orrin ló di ìjánu mú, ẹṣin ló ń wá ọ̀nà. "Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé mo mọ̀?"

"Láti ọjọ́ kìíní tí orí ń fọ́ ọ," Orrin wí. "Orí ò fọ́ ọ rí láyé rẹ. Orí àwọn ẹlòmíì lo máa ń fọ́."

"O sì dákẹ́!"

"Ìwọ náà dákẹ́. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, ẹ̀rù á bà ọ́."

"Ẹ̀rù ti ń bà mí láti ọdún méjì, ìwọ òmùgọ̀ ọkùnrin." Ó nu imú rẹ̀ sí apá aṣọ. "Ọdún méjì gbáko, èmi nìkan."

"Mo mọ̀," Orrin wí. "Jọ̀ọ́, má bínú, Hulda." Lẹ́yìn náà, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń lọ. Ó béèrè. "Kí ló wà níwájú?"

Hulda gbé ojú sókè. "Odò. Igi mẹ́rin. Màlúù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ní apá ọ̀tún, ẹsẹ̀ rẹ̀ há."

"Àmì ta ló wà lára rẹ̀?"

Ó na ọrùn kó lè rí i dájú. "Tiwa ni."

"Dá kẹ̀kẹ́ dúró nígbà tá a bá débẹ̀, kó o wá tọ́ mi sọ́nà kí n lọ tú ẹsẹ̀ rẹ̀," Orrin wí, ó sì na ìjánu sí i lọ́wọ́.